Mẹ́rin ní Ìdí-Igbá

Ní Ṣakí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì tí wọ́n ti ń wọkọ̀ lọ sí Ìgbòho, ṣọ́ọ̀bù aláwọ̀ búlúù kan wà tí kò fẹ̀ ju ibi tí ènìyàn mẹ́rin lè dúró sí lọ. Mujeebat Ládòkun ló ni ín. Níbẹ̀ ló ti ń bá àwọn ọmọ ilé ìwé forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò, tó ń bá àwọn olùkọ́ tẹ ìwé, tó sì ń ya fọ́tò pélébé fún ẹni tó fẹ́ gba káàdì. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni. Ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, kì í pariwo, bó bá sì ti dojú kọ iṣẹ́, ènìyàn lè kí i lẹ́ẹ̀mẹta kó tó mọ̀ pé wọ́n ń kí òun. Ìwéré-Ilé ni bàbá rẹ̀ ti ń dáko kajú àti ẹ̀gẹ́, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà.

Ó kàwé dé pólì, àmọ́ kì í ṣe pólì ló ti kọ́ ohun tó fẹ́ràn jù láyé. Orí fóònù ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ kóòdù, ìyẹn àwọn àṣẹ tí ènìyàn ń tò sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà, tí kọ̀ǹpútà yóò sì máa ṣe bí wọ́n ṣe tò ó gẹ́lẹ́. Ó fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé kò ní àbòsí nínú. Bí o bá ṣe é tọ́, á ṣiṣẹ́. Bí o kò bá ṣe é tọ́, á sọ fún ọ lójú ẹsẹ̀ pé o ti ṣìṣe, á tilẹ̀ júwe ibi tí o ti ṣì í. Mujeebat gbà pé nǹkan tí kò bá ti sọ pé àṣìṣe wà, kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi gbà bẹ́ẹ̀ kí ojú rẹ̀ tó là.

Àbúrò bàbá rẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní Ṣùkúrù. Ní oṣù kẹta ọdún kan, nígbà tí kajú ń bọ́ sílẹ̀ tí gbogbo ènìyàn ń tẹ̀ ba láti ṣà á, ejò ṣán Ṣùkúrù lọ́wọ́. Irú ejò kékeré tí àwọ̀ rẹ̀ jọ ewé gbígbẹ ni, èyí tó máa ń fi ara ha ara bí ẹni ń fi ayùn rẹ́gi kó tó kọlu ènìyàn. Oró rẹ̀ kì í pani kíákíá. Ẹ̀jẹ̀ ló máa ń bà jẹ́, tí ẹ̀jẹ̀ ò fi ní lè dì mọ́, tí yóò máa ti ìdí eyín àti ojú ọgbẹ́ àtijọ́ sun jáde. Wọ́n gbé Ṣùkúrù sórí ọ̀kadà, wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn kékeré mẹ́ta, wọn ò rí abẹ́rẹ́ oró ejò. Ibi kẹrin ní i, àmọ́ kí wọ́n tó dé ibẹ̀, Ṣùkúrù ti kú lórí ọ̀kadà, láàárín ẹni tó ń wà á àti bàbá Mujeebat tó jókòó sẹ́yìn tó dì í mú.

Ohun tó ká Mujeebat lára jù ni pé oògùn wà. Ó wà nínú fíríìjì kan, ní ìrìn ìṣẹ́jú ogún péré sí oko náà, kò kàn sí ẹni tó mọ̀ ni.

Nínú ààwẹ̀ ọdún náà, ó jókòó láti kọ ètò kan sórí kọ̀ǹpútà, ọjọ́ mọ́kànlá ló sì fi kọ ọ́ tán. Ètò náà kò le láti lóye. Nọ́ọ̀sì tó bá ní abẹ́rẹ́ oró ejò lọ́wọ́ yóò fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ sí nọ́mbà kan. Ẹni tí ejò bá ṣán èèyàn rẹ̀ yóò kọ EJO sí nọ́mbà yẹn kan náà, lójú ẹsẹ̀ ni èsì yóò sì dé: orúkọ ibi tí oògùn wà, àti iye tó wà níbẹ̀. Mujeebat ṣe é kí ibi tó bá ní púpọ̀ jù máa wà lókè, nítorí lójú tirẹ̀, ibi tí oògùn bá pọ̀ sí ni ọkàn ènìyàn yóò ti balẹ̀. Ó gbé láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kan sórí pẹpẹ nínú ṣọ́ọ̀bù, ó so fóònù kan mọ́ ọn, ó fi sólà gbé e ró. Nísàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà náà, ó kọ ìlà kan tí yóò máa wà níbẹ̀ tọ̀sán-tòru: Kò sí àṣìṣe.

Ilé ìwòsàn abúlé mẹ́ta ló kọ́kọ́ gbà láti bá a ṣe é: Òkè-Àgbò, Aba Ṣàngótóbi, àti Ìdí-Igbá. Ti Ìdí-Igbá ló ṣe déédéé jù nínú gbogbo wọn, nítorí Nọ́ọ̀sì Gbémisọ́lá, obìnrin sísanra kan tó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún, tó máa ń fi iye ránṣẹ́ ní gbogbo àárọ̀ Ọjọ́ Ajé kó tó wọ aṣọ iṣẹ́.

Ràsáàkì, alága àwọn ọlọ́kadà gáréèjì, ló gbé ọ̀rọ̀ náà ká. Gbogbo ọlọ́kadà tó ń ná ojú ọ̀nà oko ló fi nọ́mbà náà sínú fóònù. Kò pé oṣù méjì, ejò ṣán obìnrin kan tó ń jẹ́ Misturat nínú oko iṣu. Ọkọ rẹ̀ kọ EJO, èsì ní kó lọ sí Òkè-Àgbò, wọ́n lọ, wọ́n bá oògùn, obìnrin náà sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wálé. Wọ́n sọ ọ́ lórí rédíò. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ará gáréèjì ti ń pe Mujeebat ní Ẹnjiníà. Ìtìjú kọ́kọ́ mú un, àmọ́ nígbà tó yá, ó ní kí ẹni tó ń kun pátákó kọ ọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù: Ẹnjiníà Mujeebat.

Orúkọ ara ògiri yẹn ló mú Ọ̀gbẹ́ni Kẹ́hìndé Ọ̀ṣúnyẹmí dúró. Ará Ìsẹ́yìn ni, ó ti tó ẹni àádọ́ta ọdún. Èkó ló ti ṣe irú iṣẹ́ yìí fún ogún ọdún kó tó padà wá tọ́jú ìyá rẹ̀ tí àìsàn dá wó. Ó wá tẹ ìwé kan ní Ṣakí lóṣù kẹjọ, lọ́jọ́ tí òjò ń ṣú. Ó wo ògiri, ó wo láptọ́ọ̀pù orí pẹpẹ, ó bi í léèrè ohun tó ń ṣe. Mujeebat ṣàlàyé, inú rẹ̀ sì dùn láti ṣí kóòdù náà sílẹ̀ fún un, nítorí kò tíì rí ẹni tó lè kà á rí.

Ọkùnrin náà kà á tìdí-tìdí.

“Ó mọ́,” ó ní. “Ó mọ́ ju ti àwọn kan tí mo bá ṣiṣẹ́ lọ.”

“Ẹ ṣé, sà.”

“Nọ́ọ̀sì Ìdí-Igbá yìí. Bó bá dákẹ́ fún oṣù méjì, kí ni ètò yìí yóò máa sọ fún àwọn ènìyàn?”

“Iye tí wọ́n fi ránṣẹ́ kẹ́yìn ni, sà.”

“Yóò ha sọ fún wọn pé ó ti tó oṣù méjì?”

“Rárá, sà.”

“Ta ni yóò wá mọ̀?”

“Èmi ni. Ibí yìí ni mo wà lójoojúmọ́.”

“Lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ ìdánwò bá kún ibí dẹ́nu ọ̀nà ńkọ́? Tí ara rẹ ò bá yá ńkọ́? Tí o bá relé ọkọ?”

Mujeebat rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín.

“Àbúrò, kóòdù lo kọ, o sì mọ̀ ọ́n kọ. Àmọ́ ohun tí àwọn wọ̀nyí gbé ẹ̀mí lé kì í ṣe kóòdù nìkan. Nọ́ọ̀sì wà nínú rẹ̀. Fíríìjì wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ tí oògùn máa bàjẹ́ wà nínú rẹ̀, títí kan nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí kò dé inú oko, àti ìwọ fúnra rẹ tó lè gbàgbé. Iṣẹ́ ẹnjiníà ni kéèyàn jókòó kó ro gbogbo wọn pọ̀, kó bi ara rẹ̀ pé níbo ni èyí yóò ti já, tó bá sì já, ta ni yóò kọ́kọ́ mọ̀. Kóòdù ló kéré jù nínú rẹ̀.”

“Mo máa fi ìlà kan kún un, sà.”

“Kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi ìlà kan ṣe.” Ó kó ìwé rẹ̀ tó tẹ̀ sínú báàgì. “Mo kọ irú rẹ̀ rí ní Èkó. Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin ló fi ṣiṣẹ́ láìyọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Títí dòní, tí mo bá rántí bó ṣe dákẹ́ jẹ́ẹ́ láàárín ọdún kan àti oṣù mẹ́rin yẹn, ara mi kì í balẹ̀.”

Mujeebat dúró kó sọ ohun tó wá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, kò sọ ọ́. Ọkùnrin náà dúpẹ́, ó fi ọwọ́ bo orí nítorí òjò tó ti ń kán, ó lọ.

Ọ̀rọ̀ náà bí Mujeebat nínú. Lójú tirẹ̀, ọkùnrin náà kò fẹ́ kí wọ́n máa pe ọmọ ṣọ́ọ̀bù ní ẹnjiníà ni. Ó rò ó fún ọjọ́ méjì, lọ́jọ́ kẹta àwọn ọmọ ilé ìwé dé, iṣẹ́ pọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Lóṣù kẹwàá, Nọ́ọ̀sì Gbémisọ́lá pè é lórí fóònù.

“Mujeebat, wọ́n ti gbé mi kúrò ní Ìdí-Igbá o. Ìjọba ìbílẹ̀ míì ni wọ́n gbé mi lọ.”

“Háà, Mọ́mì. A máa ṣàárò yín.”

“Ẹni tó gbapò mi ṣì jẹ́ ọmọdé sí iṣẹ́. Mo kọ nọ́mbà rẹ sórí ìwé fún un. Ṣùgbọ́n bá mi pè é, kó lè mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.”

“Màá pè é, mà.”

Ọmọ mẹ́ta ló wà níwájú rẹ̀ lákòókò yẹn tí wọ́n ń dúró kó tẹ ìka wọn sórí ẹ̀rọ ìforúkọsílẹ̀ ìdánwò. Ó fi fóònù sílẹ̀, ó sì fa ọwọ́ ọmọ tó kàn mọ́ra. Kò pè é.

Ọyẹ́ dé. Ewé kajú gbẹ, ó bọ́ sílẹ̀, ó bo ilẹ̀ oko láti Ìlerò títí dé ojú ọ̀nà Ìwéré-Ilé. Láptọ́ọ̀pù orí pẹpẹ ń ṣiṣẹ́, eruku bò ó, iná kékeré ara rẹ̀ ń ṣẹ́jú. Nígbà tí Mujeebat bá gbójú sókè, Kò sí àṣìṣe ló máa ń rí, á sì tún bojú wolẹ̀. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí fóònù tó so mọ́ ọn kì í sábà dún ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn tù ú lára. Ó rò pé ètò òun ti dàgbà, kò wá ìtọ́jú mọ́.

Ní Ọjọ́rú kan nínú oṣù kejì, iná kò sí nílùú, kò sì sí oníbàárà. Àìríṣe ló mú un jókòó síwájú láptọ́ọ̀pù náà kó wo àkọsílẹ̀ gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ tó wọlé àtèyí tó jáde. Ó ti pẹ́ tó ti wò ó kẹ́yìn. Láti oṣù kẹwàá, ènìyàn mẹ́fà ló ti kọ EJO. Òkè-Àgbò kò sí nínú èsì kankan, nítorí oògùn tiwọn ti tán. Ó ń ka èsì tí ètò rẹ̀ fún wọn lọ sísàlẹ̀:

ÌDÍ-IGBÁ 4. ABA ṢÀNGÓTÓBI 2.

ÌDÍ-IGBÁ 4. ABA ṢÀNGÓTÓBI 1.

ÌDÍ-IGBÁ 4. ABA ṢÀNGÓTÓBI 3.

Iye ti Aba Ṣàngótóbi ń lọ sókè, ó ń lọ sílẹ̀, bí ohun tó ń mí. Ti Ìdí-Igbá kò yí padà. Mẹ́rin lóṣù kẹwàá, mẹ́rin lóṣù kejìlá, mẹ́rin lóṣù kìíní. Mujeebat gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì.

Ó pe Nọ́ọ̀sì Gbémisọ́lá.

“Mọ́mì, abẹ́rẹ́ ejò Ìdí-Igbá, mẹ́rin ni ẹ fi sílẹ̀?”

“Mẹ́rin kẹ̀? Mẹ́rin ni mo fi ránṣẹ́ sí ọ ní Ọjọ́ Ajé yẹn. Mo lo méjì ní Ọjọ́bọ̀ fún bàbá kan. Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo kó ẹrù. Méjì ló kù, oṣù kọkànlá ni ọjọ́ wọn sì pé. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tún fi ọwọ́ kàn án. Ṣé kò sí nǹkan?”

Mujeebat kò tíì dáhùn nígbà tí fóònù orí pẹpẹ gbọ̀n. Àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé: EJO. Kó tó nàwọ́, ètò rẹ̀ ti dáhùn. Kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ, bó ṣe kọ ọ́ kó máa yá náà nìyẹn. ÌDÍ-IGBÁ 4. ABA ṢÀNGÓTÓBI 1. Lábẹ́ rẹ̀: Kò sí àṣìṣe.

Ó wo nọ́mbà náà, ó sì mọ̀ ọ́n. Ràsáàkì alága ni.

Ó pè é, kò lọ. Ó tún pè é lẹ́ẹ̀mẹfà, ohùn obìnrin tó ń sọ pé a kò lè rí ẹni náà bá sọ̀rọ̀ ló ń gbọ́. Ó kọ ọ́ sí àtẹ̀jíṣẹ́: Ẹ má lọ sí Ìdí-Igbá, Aba Ṣàngótóbi ni kẹ́ ẹ lọ. Kò débẹ̀. Ojú ọ̀nà yẹn kò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì láti odò títí dé ilé ìwòsàn Ìdí-Igbá fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá wà lórí òkè oko lè rán àtẹ̀jíṣẹ́ kó sì gba èsì, àmọ́ bó bá ti gbéra báyìí, kò sí bí wọ́n ṣe lè rí i bá sọ̀rọ̀ mọ́.

Ó yọ wáyà fóònù kúrò lára láptọ́ọ̀pù náà kí ó má baà dá ẹlòmíì lóhùn. Ó sá jáde láìti ṣọ́ọ̀bù, ó di ẹ̀yìn ọlọ́kadà tó kọ́kọ́ rí, ó ní Ìdí-Igbá ni, kó máa sáré. Fún wákàtí kan gbáko ni ọyẹ́ fi ń fẹ́ iyanrìn sí i lójú. Ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, wọ́n ti ń sun ìgbẹ́, èéfín nà sókè tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, àṣá sì ń yí po lókè rẹ̀. Ó ń bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ pé ṣe ni Ràsáàkì kàn fẹ́ dán nọ́mbà náà wò.

Ilé ìwòsàn Ìdí-Igbá jẹ́ yàrá méjì àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan. Ọ̀kadà Ràsáàkì wà níwájú rẹ̀, ó ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ohun tí wọ́n jù sílẹ̀. Lórí bẹ́ǹṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọkùnrin kan dùbúlẹ̀, ó gbórí lé itan ìyàwó rẹ̀. Ọdẹ́bọ̀dé lorúkọ rẹ̀, ọdẹ àti àgbẹ̀ kan láti ẹ̀bá Aba Ṣàngótóbi. Orúnkún rẹ̀ ti wú, awọ ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dán. Fadékẹ́ ìyàwó rẹ̀ ń fi etí ìró nu ẹnu rẹ̀, ìró náà ti pọ́n. Ìgò kékeré kan wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ọkùnrin tó ń gbálẹ̀ ilé ìwòsàn náà ló gbà á síbẹ̀ bó ṣe máa ń rí tí nọ́ọ̀sì ń ṣe. Ó yẹ kó ti dì láàárín ogún ìṣẹ́jú. Mujeebat tẹ ìgò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ náà sì ṣàn lọ ṣàn bọ̀ bí omi.

Nínú yàrá, ó gbọ́ bí nǹkan ṣe ń já lulẹ̀. Ràsáàkì ni, òun àti agbálẹ̀. Ó ti kó gbogbo nǹkan inú kọ́bọ́ọ̀dù sílẹ̀, ó ti fa fíríìjì kúrò lára ògiri, ó ń yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò.

“Mo ti ń sọ fún wọn látìgbà tí wọ́n ti dé pé kò sí,” agbálẹ̀ sọ fún Mujeebat. “Nọ́ọ̀sì lọ sí ìpàdé ní Ṣakí. Mo ní kí wọ́n máa gbé e lọ síwájú, wọn ò gbọ́.”

“Ìwọ ni o ò mọ ibi tí wọ́n fi í sí,” Ràsáàkì ní, kò wẹ̀yìn. “Mẹ́rin ló wà níbí. Ẹnjiníà ló sọ bẹ́ẹ̀. Kò purọ́ fún wa rí.”

“Alága,” Mujeebat ní.

Ó yíjú padà, ó rí i. Ojú rẹ̀ tàn. “Ẹ wò ó, òun gan-an ló dé yìí. Ẹnjiníà, níbo ló wà?”

Mujeebat ti ń ronú ohun tó máa sọ láti ojú ọ̀nà. Ó pa gbogbo rẹ̀ tì.

“Kò sí, Alága. Kò sí níbí láti ọjọ́ pípẹ́. Mi ò mọ̀ ni.”

Ràsáàkì wò ó. Ó wo fóònù ọwọ́ ara rẹ̀, níbi tí 4 ṣì wà, ó tún wò ó. Ó kọjá lára rẹ̀ jáde, ó gbé ọ̀kadà rẹ̀ dìde.

Ọ̀kan ṣoṣo tó wà ní Aba Ṣàngótóbi kò lè tó o mọ́, nítorí náà Ṣakí ni wọ́n gbé e lọ, sí ilé ìwòsàn ńlá, Ọdẹ́bọ̀dé láàárín, Mujeebat lẹ́yìn tó dì í mú. Fadékẹ́ ń bọ̀ lórí ọ̀kadà kejì. Gbogbo ọ̀nà yẹn ni ẹ̀jẹ̀ ẹnu ọkùnrin náà fi ń kán sí apá Mujeebat. Ó ń gbọ́ èémí rẹ̀ létí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Nígbà kan, láàárín èémí kan àti òmíràn, ó pẹ́ tó fi jẹ́ pé ó fẹ́ ké sí Ràsáàkì pé kó dúró. Lẹ́yìn náà, ọkùnrin náà tún mí.

Wọ́n bá oògùn níbẹ̀. Ọdẹ́bọ̀dé kò kú. Àmọ́ ẹran ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú kí abẹ́rẹ́ tó wọlé, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni wọ́n gé e lábẹ́ orúnkún. Nígbà tí Mujeebat lọ kí wọn, ọkùnrin náà dá a lóhùn tayọ̀tayọ̀, ó ní Ògún ló dá ẹ̀mí òun sí. Ìyàwó rẹ̀ ló sìn ín jáde.

“Aba Ṣàngótóbi ò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ sí ọ̀dọ̀ wa,” Fadékẹ́ ní, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. “Ọ̀hún la fẹ́ máa lọ tẹ́lẹ̀. Ràsáàkì ló ní ká kọ́kọ́ bi fóònù.”

Mujeebat kúnlẹ̀ níbẹ̀ nínú iyanrìn. Obìnrin náà kò ní kó dìde, kò sì bú u. Ó kàn wọlé lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Mujeebat ti ṣọ́ọ̀bù láti inú, ó kọ nọ́mbà mẹ́fà tó ṣáájú ti Ràsáàkì sórí ìwé, ó ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni àkọ́kọ́ ní àkekèé ló ta ọmọ òun, kì í ṣe ejò, àwọn ò tilẹ̀ lọ síbìkan. Ẹni kejì ní Ìdí-Igbá jìnnà jù fún àwọn, Aba Ṣàngótóbi làwọn lọ, ìyá òun sì ti gbádùn. Ìyẹn mú ọkàn rẹ̀ le. Ẹni kẹta gbé fóònù, obìnrin ni.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò mọ̀ mí. Ní oṣù kejìlá, ẹnì kan fi nọ́mbà yìí bèèrè oògùn ejò.”

“Ọkọ mi ló ni nọ́mbà yìí,” obìnrin náà ní. “A ti ṣe àdúà ogójì rẹ̀. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n ni?”

Mujeebat ní òun kò mọ̀ ọ́n. Ó ní kí Ọlọ́run forí jì í. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì kúrò létè rẹ̀ tí ó ti mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ padà pe obìnrin náà kí òun sì sọ òtítọ́ fún un. Ọjọ́ mẹ́rin kọjá kó tó lè ṣe é. Nígbà tó sọ ọ́ tán, obìnrin náà bi í léèrè ohun kan ṣoṣo: ṣé ẹlòmíì ṣì ń lo nọ́mbà náà?

Ìbéèrè yẹn ló gbé e lọ sí Ìsẹ́yìn. Ó bá Ọ̀gbẹ́ni Kẹ́hìndé níbi tó ti ń fi síbí fún ìyá rẹ̀ lẹ́kọ. Ó ro gbogbo ọ̀rọ̀ náà fún un láìfi kankan pamọ́. Ọkùnrin náà kò sọ pé mo sọ fún ọ. Ó fún ìyá rẹ̀ lẹ́kọ tán, ó nu ẹnu rẹ̀, ó bu omi fọ ọwọ́.

“Ṣé o ti kọ nǹkan kan láti ọjọ́ náà?”

“Rárá, sà. Ẹ̀rù ń bà mí.”

“Ó dáa. Má tíì kọ nǹkan kan. Àwọn ilé ìwòsàn yẹn ni kó o kọ́kọ́ lọ.”

Oṣù méjì ló fi ń lọ káàkiri lórí ọ̀kadà. Ó jókòó ti àwọn nọ́ọ̀sì, ó ń wo ọwọ́ wọn. Ó ń bi wọ́n pé kí ni wọ́n máa ń ṣe lọ́jọ́ tí owó orí fóònù bá tán, ta ló ń mú kọ́kọ́rọ́ fíríìjì, ta ni yóò mọ̀ bí wọ́n bá gbé wọn kúrò. Ó bi àwọn ọlọ́kadà pé ibo ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń já. Ìwé àkọsílẹ̀ méjì kún kó tó kan kọ̀ǹpútà. Nígbà tó wá kọ ọ́, ọjọ́ márùn-ún péré ló gbà á. Ní báyìí, bí nọ́ọ̀sì kan bá pé ọjọ́ mẹ́jọ láìfi iye ránṣẹ́, ètò náà yóò pe nọ́ọ̀sì, yóò pe Mujeebat, yóò sì pe Waheedat, obìnrin kan ní Ìgbòho tí Mujeebat kọ́ ní gbogbo rẹ̀. Iye oògùn ibẹ̀ yóò sì kúrò nínú èsì. A kò mọ̀ ni yóò rọ́pò rẹ̀ níwájú orúkọ ibẹ̀.

Àwọn ọlọ́kadà kan kò fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n ní irú ẹ̀rọ wo ló ń sọ pé òun kò mọ̀, ti tẹ́lẹ̀ dára jù. Ràsáàkì kò bá wọn dá sí i. Ó ṣì ń kí Mujeebat ní gáréèjì, àmọ́ orúkọ rẹ̀ gan-an ló ń pè é, kò pè é ní Ẹnjiníà mọ́. Mujeebat fúnra rẹ̀ ló da ọ̀dà sórí ọ̀rọ̀ ara ògiri.

Nínú nọ́mbà mẹ́fà náà, ó ti bá ẹni kẹrin àti ẹni karùn-ún sọ̀rọ̀. Ọ̀kan ń gbé pẹ̀lú apá tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Èkejì ní kó má pe òun mọ́ láé. Ẹni kẹfà ni kò tíì gbé fóònù rí. Àtẹ̀jíṣẹ́ tirẹ̀ wọlé ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù kìíní, kò sì sí ẹni tó mọ orúkọ ẹni tó ni ín láàárín àwọn ọlọ́kadà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ní abúlé tí Mujeebat ti bèèrè. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, tó bá ti kírun tán, ó máa ń pe nọ́mbà náà. Á dún, á dún, á já.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, ẹnì kan gbé e.

“Ẹ ǹ lẹ́ o,” Mujeebat ní. “Ẹ jọ̀ọ́, ta nìyẹn?”

Kò sí èsì. Ó gbọ́ atẹ́gùn, ó gbọ́ ewé gbígbẹ tí ẹsẹ̀ ẹni náà ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó tún bèèrè, ó sọ orúkọ ara rẹ̀, ó ní òun fẹ́ tọrọ àforíjì ni. Ewé náà dákẹ́. Ẹni náà kò sọ̀rọ̀, kò sì pa fóònù. Mujeebat dúró bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, fóònù létí, títí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi gé e.